Mega Drive, Famicom, PlayStation, Game Gear: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ tú nílé?

Kò sí oṣù kan tí ẹnìkan kì í fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, mo rí géèmù àtijọ́ yìí nínú ẹrù tòkunbọ̀. Ẹni tó ń tà á ní kò ṣiṣẹ́, ó sì ti já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ṣé kí n gbé e?" Lọ́pọ̀ ìgbà, PlayStation àkọ́kọ́ ni, torí òun ni àwọn ẹgbẹ́ wa mọ̀ jù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni èmi náà máa ń bi wọ́n padà: ṣé o fẹ́ gbá a ni, àbí o fẹ́ tú u? Géèmù tí ọkàn ẹni ń fà sí àti èyí tí ọwọ́ ẹni lè tún ṣe kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹni tí kò tíì di áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀dì mú rí (irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tó ń lẹ wáyà mọ́ bóòdù) ni mo kọ ìfiwéra yìí fún. Mi ò bá ọ̀rọ̀ adùn wá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín máa jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni ohun tó ń jẹrà nínú géèmù kọ̀ọ̀kan, ibi tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀, irinṣẹ́ tó ń béèrè, àti iye tí àṣìṣe kan máa ná yín. Kí n kúkú ti ibí sọ tèmi: ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, Mega Drive àkọ́kọ́ ni kó rà. Ẹni tí PlayStation rẹ̀ kú sílé, kó gbé e sínú páálí fún oṣù mẹ́fà ná.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Géèmù àkọ́kọ́ tó kú sí mi lọ́wọ́, ogbó kọ́ ló pa á. Genesis ni, ìyẹn orúkọ tí Sega fi ta Mega Drive ní Amẹ́ríkà láti 1989. Àbúrò ìyá mi kan ló fi ránṣẹ́ láti Houston, tòun ti adápítọ̀ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn adápítọ̀ náà: 120V. Iná ilé tiwa, ìlọ́po méjì ìyẹn ni. Mo kì í bọ ògiri, ó ń kùn bí oyin, ó gbóná, kò pẹ́ tó fi rú èéfín. Géèmù fúnra rẹ̀ yè é. Ọjọ́ kejì ni mo wá yá adápítọ̀ rédíò lọ́wọ́ aládùúgbò. 9V ló wà lára rẹ̀, ó sì wọ ihò náà wẹ́kú. Àmọ́ pọ́sítíìfù ló wà láàárín púlọ́ọ̀gì yẹn, bẹ́ẹ̀ négétíìfù ni Mega Drive àkọ́kọ́ ń fẹ́ láàárín. Adápítọ̀ Amẹ́ríkà pa ara rẹ̀. Èmi ni mo pa géèmù.

Látìgbà náà, mo lẹ bébà yìí mọ́ ògiri lókè tábìlì mi (DC ni iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì; AC ni èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ bíi ti ògiri):

| Géèmù | Iná tó ń gbà | Àárín púlọ́ọ̀gì |
|---|---|---|
| Famicom | DC 10V, 850mA | négétíìfù |
| NES | AC 9V, 1.3A | AC ni, kò kàn án |
| Mega Drive àkọ́kọ́ | DC 9V, 1.2A | négétíìfù |
| Mega Drive kejì | DC 10V, 850mA | pọ́sítíìfù |
| Game Boy àkọ́kọ́ | bátìrì AA mẹ́rin | |
| Game Gear | bátìrì AA mẹ́fà | |
| PlayStation àkọ́kọ́, Dreamcast | iná ògiri wọ inú wọn tààrà | |

Ẹ wo ìlà Famicom àti NES dáadáa. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, púlọ́ọ̀gì wọn jọra, àmọ́ AC ni adápítọ̀ NES ń tú jáde. Tí ẹ bá fi sí Famicom, ẹ ti pa á nìyẹn. Ẹ yí i padà, kí ẹ fi adápítọ̀ DC ti Famicom sí NES, yóò ṣiṣẹ́, nítorí NES ní dáyóòdù mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà tó ń tún iná tò, ibi yòówù kí pọ́sítíìfù gbà wọlé. Mega Drive kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Mo sanwó ilé ìwé kí n tó mọ ìyẹn.

Ìlà tó kẹ́yìn nínú bébà náà ló sì jẹ́ kí n máa lé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kúrò nídìí PlayStation. Géèmù tó ń lo adápítọ̀ ìta, 9V tàbí 10V péré ló wà nínú rẹ̀; ẹ lè fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. PlayStation gba iná ògiri sínú ikùn. Kapásítọ̀ ńlá tó wà lórí bóòdù iná rẹ̀ lè di iná mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà lára ògiri. Ẹ yọ wáyà náà, ẹ lọ jẹun, kí ẹ tó padà wá ṣí i, kí ẹ sì ṣọ́ra fún bóòdù yẹn síbẹ̀.

Ti PlayStation náà ní ọ̀nà kíkà kan tó rọrùn. Nọ́ḿbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SCPH wà nídìí rẹ̀. Tó bá parí sí 0, ti Japan ni, 100V. Tó bá parí sí 1, ti Amẹ́ríkà ni, 120V. Tó bá parí sí 2, ti Yúróòpù ni, iná tiwa ni yóò jẹ. Ẹni tó bá ra èyí tó parí sí 0 tàbí 1, tó sì fi bọ ògiri láìlo tiransifọ́mà, kó má wá mi wá.

Àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì: NES, Famicom, àti àwọn ayédèrú wọn

Ọjọ́ 15 oṣù Keje 1983 ni Nintendo gbé Famicom jáde ní Japan. Ní 1985, wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà ní ara mìíràn, wọ́n pè é ní NES. Inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń tún nǹkan ṣe, wọ́n jìnnà síra bí ilẹ̀ àti ọ̀run.

Wọn ò fẹ́ kí NES jọ géèmù, ni wọ́n bá ṣe é kí kásẹ́ẹ̀tì máa gba iwájú wọlé bíi ti fídíò. Ẹ ó tì í wọlé, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Eyín idẹ 72 ló ń di kásẹ́ẹ̀tì mú, títẹ̀ yẹn ló sì ń rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, eyín ti dẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ kan kásẹ́ẹ̀tì mọ́. Ṣíìpù kékeré kan tún wà níbẹ̀ tó ń bá kásẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá yéra, ó máa ń pa géèmù, á tún un tàn, á tún pa á, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni iná pupa tó ń ṣẹ́jú tí gbogbo ayé mọ̀. Àwa ọmọdé wá ń fẹ́ ẹnu sínú kásẹ́ẹ̀tì. Yíyọ tí a yọ ọ́ tí a tún un fi sí i ló ń ṣe iṣẹ́. Itọ́ wa ń jẹ́ kí eyín náà dógùn-ún ni.

Àtúnṣe rẹ̀ pín sí mẹ́ta. Ẹ lè yọ ẹnu kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa, kí ẹ dá a padà. Ó ń ṣe bí idán, kò sì ná yín ju gáàsì ìdáná lọ. Ẹ lè ra tuntun. Àmọ́ púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà le jù, ó máa ń di kásẹ́ẹ̀tì mú bí ọ̀nì. Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹ gé ẹsẹ̀ kẹrin ṣíìpù aṣọ́nà yẹn kó má lè pa géèmù mọ́. Èmi máa ń ṣe àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta pọ̀, mi ò ra tuntun mọ́.

Famicom kò ní gbogbo wàhálà yìí. Orí ni kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gbà wọlé, eyín 60 ni, kò sí aṣọ́nà. Ibi tó ti burú fún wa ni àwòrán. Tẹlifíṣọ̀n Japan, NTSC, ló ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí, nípasẹ̀ wáyà ẹ́ríà, lórí ìkànnì tí tẹlifíṣọ̀n PAL tiwa kò mọ̀. Ẹ ó tàn án, òjò funfun lẹ ó máa wò. Ẹ gbọ́dọ̀ jó tiransísítọ̀ kan àti rẹsísítọ̀ díẹ̀ mọ́ bóòdù kí ó tó lè gba wáyà AV. Kò le fún ẹni tó ti mọwọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Páàdì méjèèjì tún ní wáyà tó wọ inú ara géèmù lọ. Bí wáyà bá já, ẹ ó tú gbogbo ilé.

Àwọn tí a gbá níbí ní nǹkan bí 1990 sókè ńkọ́, èyí tí kásẹ́ẹ̀tì wọn ń ṣèlérí géèmù ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ẹ bá wò ó, géèmù mẹ́wàá ló ń yí orúkọ padà? Ayédèrú Famicom ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Mo nífẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ má rà wọ́n láti tún wọn ṣe. Ẹ ṣí ọ̀kan wò: dípò ṣíìpù tó ní ẹsẹ̀, ẹ ó rí ẹ̀kán dúdú kan lórí bóòdù bí àmàlà tí wọ́n bù sórí àwo. Abẹ́ ẹ̀kán yẹn ni ọpọlọ géèmù wà. Tó bá kú, kò sí ẹni tó lè wọ ibẹ̀. Wáyà àti páàdì nìkan lẹ lè tún ṣe.

Mega Drive: ìdí tí mo fi ń tì í síwájú

Japan ló kọ́kọ́ rí i, ní 1988. Yúróòpù rí i ní 1990. Èyí tó wá láti Gẹ̀ẹ́sì dára fún wa, PAL ni. Ẹ sá ra wáyà AV rẹ̀, kí ẹ má gbára lé wáyà ẹ́ríà, torí ohùn wáyà ẹ́ríà tiwọn kò bá tiwa mu. Dúdú ni ara rẹ̀, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ pé ó ti pọ́n bí eyín arúgbó. Síkúrúù àgbélébùú lásán ló dì í. Síkúrúdíráfà tí ẹ fi ń tú fáànù yóò tú u.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ó ń sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ ṣí i. Ẹ ó rí irin fẹ̀ǹfẹ̀ kan tí nǹkan dúdú méjì tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta fẹ̀yìn tì. 7805 ni wọ́n kọ sí wọn lára. Iṣẹ́ wọn ni láti gba 9V, kí wọ́n tú 5V jáde. Ẹ gbé mítà (ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná) sí DC. Ẹ fi ẹnu dúdú mítà kan ẹsẹ̀ àárín, ẹ fi pupa kan ẹsẹ̀ òsì: 9V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ gbé pupa lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún: 5V. Tí 9V bá wọlé tí 5V kò jáde, 7805 ti kú, kò sì sí ọjà ẹ̀yà rédíò tí wọn kì í tà á, owó rẹ̀ kò tó owó àkàrà àti ògì. Tí 9V gan-an kò bá dé ibẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn sí ihò adápítọ̀. Ihò yẹn ń jẹ ìyà. Gbogbo fífà àti títì ló ń la lẹ́ẹ̀dì abẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ẹ fi flux (oje tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì ṣàn dáadáa) díẹ̀ sí i, ẹ fi áyọ́ọ̀nù kàn án ní nǹkan bí ìwọ̀n 350, kí ẹ jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì tuntun ṣàn wọ inú rẹ̀. Mega Drive tí wọ́n ní ó ti kú pátápátá tí mo ti jí báyìí, mi ò lè ka iye rẹ̀ mọ́.

Àléébù rẹ̀ kò pọ̀. Ìdí ohùn tó wà níwájú, èyí tí a fi ń fa ohùn sókè fún ìgbọ́hùn-etí, máa ń ha kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ tí erùpẹ̀ bá wọ̀ ọ́. Oògùn ìfọ-kọ́ńtáàkì ló ń tọ́jú rẹ̀. Tí ẹ bá sì ní àǹfààní láti ṣẹ̀ṣà, ẹ mú èyí tí wọ́n kọ HIGH DEFINITION GRAPHICS sí yí òbìrí orí rẹ̀ ká. Ohùn rẹ̀ dùn ju ti àwọn tó tẹ̀ lé e lọ. Mega Drive kejì kéré, ó rọrùn, ó sì ń jìyà ihò adápítọ̀ bákan náà, àmọ́ ẹ rántí bébà mi: àárín púlọ́ọ̀gì rẹ̀ yí padà.

Àwọn onísíìdì: ẹ máa ra lẹ́ńsì ni àbí ẹ máa yọ ọ́ dànù?

PlayStation jáde ní Japan ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1994, ó dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní 1995. Ẹni tó bá ti wọ ilé géèmù tí wọ́n ti ń sanwó gbá bọ́ọ̀lù rí, yóò ti rí PlayStation tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ tí fáànù sì kọjú sí i. Wọn ò ya wèrè. Nínú àwọn àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ bóòdù iná ni lẹ́ńsì wà, ooru ń dé ibẹ̀, orí ike ni ó sì ń rìn. Ike náà ń jẹ, lẹ́ńsì ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń dúró dáadáa fún ìgbà díẹ̀.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ fi òwú ìnutí tí ẹ rì bọ isopropyl alcohol nu ojú lẹ́ńsì fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ nu ọ̀nà tó ń rìn lórí rẹ̀, kí ẹ fi gíríìsì funfun tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ pa á. Nígbà mìíràn, ìyẹn tó. Tí kò bá tó, ẹ ra lẹ́ńsì odindi tòun ti ọkọ̀ tó gbé e. Àwọn tuntun kan máa ń wá pẹ̀lú ẹ̀kán lẹ́ẹ̀dì kékeré lórí bóòdù wọn tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ iná ara ènìyàn. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kó tó lè ka síìdì. Ọ̀pọ̀ ti pariwo ole lé ọlọ́jà lórí nítorí ẹ̀kán yẹn.

Ohun kan tí mo kórìíra: àwọn oníṣẹ́ ìta kan máa ń fi síkúrúdíráfà kékeré yí bọ́tìnnì idẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì. Ó ń fi agbára kún iná lẹ́ńsì ni. Lójú ẹsẹ̀, síìdì yóò kà, inú oníbàárà yóò dùn, yóò sanwó. Bí atupa tí wọ́n fa òwú rẹ̀ sókè ni, yóò tàn janjan, yóò sì tètè jó tán.

Dreamcast, tí Sega gbé jáde ní Japan ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá 1998, tí wọ́n sì pa tì ní 2001, dára ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ lọ́wọ́ alátùn-únṣe. Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù lára rẹ̀ ni pé ó ń pa ara rẹ̀ tàn láàárín eré. Eyín idẹ tó so bóòdù iná mọ́ bóòdù ńlá ló ti ní ìdọ̀tí. Ẹ yọ wáyà lára ògiri, ẹ dúró bí mo ṣe sọ fún PlayStation, ẹ di etí bóòdù iná mú gbé e kúrò, ẹ nu àwọn eyín náà pẹ̀lú alcohol, ẹ dá a padà. Ẹ ò nílò áyọ́ọ̀nù rárá. Tí gbogbo páàdì bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, fíúsì kékeré kan wà lórí bóòdù páàdì tí wọ́n kọ F1 sí, ó sábà máa ń jó tí ènìyàn bá ń fa páàdì yọ nígbà tí géèmù wà lórí iná. Bátìrì aago rẹ̀ náà, wọ́n jó o mọ́ bóòdù ni, nítorí náà tó bá ń béèrè déètì lọ́wọ́ yín ní gbogbo ìgbà, ẹ má dá a lóhùn.

Tí lẹ́ńsì bá kú pátápátá, ìbéèrè tòótọ́ ni bóyá ẹ fẹ́ kí síìdì máa yí. Fún Dreamcast, bóòdù kan wà tó ń jẹ́ GDEMU tó ń gba ipò ẹ̀rọ síìdì, tó ń fi káàdì SD gbá géèmù. Ó kàn ń wọ ojú ihò tó wà níbẹ̀ ni, àmọ́ bóòdù VA1 (ọ̀kan nínú irú bóòdù tó wà nínú Dreamcast) ni wọ́n ṣe é fún, kí ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó. Ti PlayStation, xStation, ó ń béèrè ìjólẹ́ẹ̀dì lórí ẹsẹ̀ ṣíìpù tó tẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà, láàárín àwọn méjèèjì, Dreamcast ni mo máa fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, níwọ̀n ìgbà tí kò bá fọwọ́ kan àwọn ẹ̀yà tó wà lórí bóòdù iná. Adùn rẹ̀ kù díẹ̀ fún mi tí mi ò bá gbọ́ ìró síìdì, ṣùgbọ́n ìyẹn ọ̀ràn tèmi.

PlayStation 2 ti 2000? Ẹ̀yà ara rẹ̀ wà níbi gbogbo, mílíọ̀nù tó lé ní 150 ni wọ́n tà. Wáyà pẹlẹbẹ tó so bọ́tìnnì iwájú èyí tó sanra mọ́ bóòdù ni kí ẹ ṣọ́; ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí awẹ́ àlùbọ́sà, ọ̀pọ̀ ló ń fà á ya bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdérí.

Àwọn àfọwọ́dìmú: Game Boy àti Game Gear

Ẹ gbé méjèèjì sórí tábìlì, Game Gear ni ọmọdé yóò mú. Àwọ̀ wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. Game Boy ti 1989 rí bíi páálí ọṣẹ, ojú rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Ẹ mú Game Boy.

Àrùn rẹ̀ méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni ìlà tó pòórá lójú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ tú u, síkúrúù rẹ̀ oníka mẹ́ta ni, ẹ nílò síkúrúdíráfà tirẹ̀. Lábẹ́ ojú rẹ̀, ẹ ó rí wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ooru lẹ̀ mọ́ díńgí. Ẹ tan géèmù, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù gbá etí wáyà yẹn lọ gbá a bọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìlà yóò máa padà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú yín. Tí ìlà náà bá fi ìbú pòórá, ẹ má gbìyànjú rẹ̀, ibòmíràn ni ìyẹn.

Àrùn kejì ni bátìrì tó ṣàn. Ẹ bi ara yín bóyá bátìrì alkaline ni tàbí kábọ̀n olówó pọ́ọ́kú. Ti alkaline, ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń pa á. Ti kábọ̀n, ásíìdì ni ìṣàn rẹ̀. Tí ẹ bá da ọsàn sí i, ẹ fi ásíìdì kún ásíìdì ni. Omi àti sódà ìyan-kéèkì ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn méjèèjì, alcohol, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ títí di ọjọ́ kejì.

Game Gear ti 1990 ńkọ́? Kapásítọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi sínú rẹ̀ máa ń ṣàn fúnra wọn, yálà ẹ lò ó tàbí ẹ kò lò ó. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi lóṣù tó kọjá ń tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣú bí ìrọ̀lẹ́ òjò, kò sì sí ohùn. Bóòdù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ńlá, ti iná, àti ti ohùn. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ohùn, torí kapásítọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Bí mo ṣe fi ẹnu áyọ́ọ̀nù kan àkọ́kọ́ báyìí, òórùn ẹja gba iyàrá. Omi kapásítọ̀ ni, bó ṣe máa ń rùn nìyẹn tí ooru bá bá a. Ìyàwó mi ké láti kíṣìnnì: "Bàbá Ìbejì, ẹja wo lẹ tún ń yan lórí tábìlì yẹn?" Mo ní ẹja Sega ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Kapásítọ̀ yẹn kò fẹ́ kúrò. Omi rẹ̀ ti jẹ lẹ́ẹ̀dì, lẹ́ẹ̀dì náà di eérú, kò yọ́ mọ́. Tí ẹ bá fi agbára fà á, ojú idẹ abẹ́ rẹ̀ yóò bá a wá, ẹ ó sì ní láti fi wáyà bí irun tẹ́ẹ́rẹ́ wá ọ̀nà mìíràn fún iná. Mo fi lẹ́ẹ̀dì tuntun kún ti àtijọ́, mo fi áyọ́ọ̀nù méjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà, ó yọ̀. Mo nu ibẹ̀ títí ó fi dán kí n tó fi tuntun sí i. Ẹ rántí pé àmì tó wà lára kapásítọ̀ ẹlẹ́kítírólàítì (irú èyí tó ní omi nínú), ẹ̀gbẹ́ négétíìfù ló ń fi hàn. Ẹni tó bá yí i padà yóò gbọ́ ìró rẹ̀. Alẹ́ mẹ́ta ni bóòdù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà mí. Ó ń kọrin báyìí, ó sì ń mu bátìrì mẹ́fà bí ọmọ àgbà ń mu omi.

Ẹ má ra Game Gear gẹ́gẹ́ bí géèmù àkọ́kọ́. Kejì náà rárá. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ẹ pè mí.

Ara tó pọ́n: ẹ bó o àbí ẹ fi í sílẹ̀?

Famicom, SNES (géèmù Nintendo tó tẹ̀ lé NES) àti Dreamcast máa ń pọ́n. Bromine tí wọ́n fi sínú ike kí ó má baà tètè gbiná ni oòrùn ń bá jà. Láti 2008 ni àwọn ènìyàn ti ń fi hydrogen peroxide àti oòrùn bó o. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn onídìrí, ìpara tí wọ́n fi ń pa irun láró tí wọ́n kọ 40 volume sí, 12% ni, ó tó. Ẹ tú géèmù, ẹ yọ gbogbo irin kúrò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ pa ìpara yí ike ká, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé e kó má gbẹ, ẹ gbé e sóòrùn, kí ẹ máa yí i ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Oòrùn kò wọ́n wa.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìpara bá gbẹ sí, ojú rẹ̀ yóò funfun bí ẹfun, kò sì ní lọ mọ́. Ó tún ń padà pọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Èmi máa ń fi ọṣẹ àti omi fọ tèmi, mo sì fi pípọ́n rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò fún Mega Drive kò ju síkúrúdíráfà àgbélébùú, mítà, áyọ́ọ̀nù tó ní ìwọ̀n ooru, lẹ́ẹ̀dì 60/40, flux, alcohol àti òwú ìnutí lọ. Kásẹ́ẹ̀tì Sega àti Nintendo ní síkúrúù tí orí rẹ̀ yàtọ̀. Tí ẹ kò bá rí irinṣẹ́ rẹ̀ rà, ẹ yọ́ ìdí bírò lórí iná, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí síkúrúù náà, ẹ dúró kó le, ẹ yí i. Ó ń tú u. Nígbà ọyẹ́, tí aṣọ yín bá ń ta pàrà bí ẹ ṣe ń bọ́ ọ, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ńlá kan kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòdù.

Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ gbé e sókè, ẹ mì í. Ohun tó bá ń dún nínú, ó ti jábọ́. Ẹ wo orí síkúrúù. Bí ó bá ti họ, ẹnìkan ti wọ ibẹ̀ ṣáájú yín, ẹ sì béèrè ohun tó yọ lọ. Ẹ ṣí ilé bátìrì. Ẹ fi imú sí ibi tí ohùn ń gbà jáde. Tí ẹ bá gbọ́ òórùn ẹja, ẹ já owó náà sí ìlàjì, tàbí kí ẹ gbé Mega Drive tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.